Orúnkún Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo lẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi níbí. Èmi Mùínátù, orúnkún ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Èmi kì í ṣe dókítà o, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọ iṣẹ́ fisió ni mí. Bí orúnkún bá ń dun èèyàn, àwa la máa ń fọwọ́ wá ibi tó ti le, tí a ó rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tí a ó sì kọ́ ẹni náà bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀, tí yóò máa ká a, títí yóò fi lè dìde lórí àga láìké sí Ọlọ́run.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni, ẹ ní Mùínátù Dópẹ̀mú ní irọ́ ni. Bí wọ́n bá tún ní ẹni tó ń tọ́jú èèyàn kì í dá wà, ẹ ní irọ́ kejì nìyẹn. Kí àwọn èèyàn lè lọ ni iṣẹ́ wa. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ti san, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ ẹ? Iṣẹ́ tó dára jù lọ tí mo ṣe láyé mi, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù sínú ilé mi ni mo ṣe é fún, òun náà sì fi ẹsẹ̀ tí mo tọ́jú yẹn lọ. Màá dé ibẹ̀. Ẹ má kán mi lójú.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Mo ń gbálẹ̀ ní kílíníìkì kékeré kan lẹ́yìn Allen, ní Ìkẹjà. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù, rí mi níbi tí mo ti ń fún aṣọ ìnulẹ̀. Ó ní, "Wá, jẹ́ kí n wo ọwọ́ yẹn." Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn bí ẹni ń ra iṣu. Ó ní, "Ó gbóná, kò sì gbọ̀n. Lọ́la, má gbálẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni kó o wá." Owó oṣù tó bá mi sọ, ẹ jẹ́ ká gbójú kúrò níbẹ̀.

Háà, Màdáámù! Obìnrin yẹn le koko bí ojú ẹja. Èékánná kò gbọdọ̀ yọ lọ́wọ́ ẹ. Làálì kò gbọdọ̀ kan àtẹ́lẹwọ́ ẹ. Òrùka, ẹnu ọ̀nà ni wàá ti bọ́ ọ. Ó pẹ́ kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn rárá. Ohun tí mo ń ṣe láti àárọ̀ ni pé yóò mú fọ́nrán òwú kan, yóò fi í lélẹ̀ lórí tábìlì, yóò fi ìró ànkárá bò ó, yóò ní kí n di ojú kí n fi ìka wá a. Bí mo bá rí i, yóò ṣẹ́ ìró náà po sí méjì. Bí mo bá tún rí i, yóò wá òwú tó tún tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo bá wá tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ jù, páà! Rúlà ti dé ọrùn ọwọ́ mi.

"Mùínátù, ọwọ́ rẹ ń pariwo! Ọwọ́ tó ń pariwo kì í gbọ́ràn."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà."

"Má bẹ̀ mí. Orúnkún tó o máa fọwọ́ kàn lọ́la ni kó o bẹ̀."

Mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kílíníìkì yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ní kí n padà wá máa ta ata pẹ̀lú òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo sì rí i pé Màdáámù kò ṣe ìkà. Bí ó bá fọwọ́ lé orúnkún àgbàlagbà kan báyìí, ọkùnrin tó wọlé pẹ̀lú ìbínú á dákẹ́, á mí kanlẹ̀, oorun á fẹ́ gbé e lọ. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọwọ́ tèmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wá fi mí sílẹ̀ fún aláìsàn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Òrégùn ni mo kọ́kọ́ bá pàdé, àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ lórí sìmẹ́ǹtì láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n dá mi lágara o! Ẹ mọ̀ wá, àwa Yorùbá, oògùn tí kò bá korò, a ò gbà pé oògùn ni. Bàbá kan tó ń ru páálí fajú ro sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ fọwọ́ le e, jàre! Ìyá kan wà l'Ágége tó máa ń wọ́ra fún mi, ariwo tí mo máa ń pa, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́."

Mo ní, "Ó dáa, ṣé orúnkún náà wá san?"

Ó ní, "Kò san, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan sí i."

Èmi àti Màdáámù rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn títí. Òun ló kọ́ mi pé ọwọ́ nìkan kò lè ṣe é, pé ọwọ́ kàn ń ṣílẹ̀kùn ni, ẹsẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa wọlé. Ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò kà sí nígbà yẹn. Á ní, "Ẹsẹ̀ tó o dì mú, kì í ṣe tìẹ. Má ṣe é sí bó ṣe wù ẹ́, ṣe é sí bí olúwa rẹ̀ ṣe fẹ́ lò ó." Mo rò pé ọ̀rọ̀ kí n tètè parí iṣẹ́ ni.

Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, wá dé. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá a, ẹ dúpẹ́. Náírà di bébà, àwọn ṣọ́jà ń pààrọ̀ ara wọn lókè, àwa ń fún ṣòkòtò pọ̀ nísàlẹ̀. Nínú kílíníìkì, gílóòbù iná pupa tí a fi ń mú orúnkún gbóná jó, a ò rí òmíràn rà, bí a tilẹ̀ rí i, iná ìjọba kò sí. A bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n. A gé túúbù táyà mọ́tò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni aláìsàn ń fi ẹsẹ̀ fà. A rán àpò fúláwà, a rọ yẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀, a so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n máa gbé e sókè. Ní ti pé kí orúnkún gbóná, a ra sítóòfù, a ń se omi, a ń ki táwẹ̀lì bọ̀ ọ́.

Sítóòfù yẹn ló ba tiwa jẹ́. Karosíìnì tí wọ́n ń tà nígbà yẹn, àwọn kan ti ń pò ó mọ́ pẹtiróòlù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aláìsàn wà níwájú mi, mo sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Màdáámù ní kí n má fi í sílẹ̀, òun á dáná fúnra òun. Mo gbọ́ ìró ìṣáná. Ohun tí mo tún gbọ́ lẹ́yìn náà, mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé. Nígbà tí mo fi sáré dé ẹ̀yìn, àwọn aládùúgbò ti ń da iyanrìn. Iná kò kan ojú rẹ̀, kò kan àyà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni.

Nígbà tí egbò jinná, èmi ni mo ń tọ́jú ọmọ ìka rẹ̀. Mo ń ká a, mo ń nà án, ó ń bú mi bó ṣe ń bú mi tẹ́lẹ̀. "Rọra! Ọwọ́ rẹ ń pariwo!" Inú mi dùn sí èébú yẹn ju oúnjẹ lọ. Nígbà tó yá, ó lè di ṣíbí mú, ó lè di bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Mo rò pé a ti bọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí aláìsàn, ó ní kí n gbé òwú wá, kí n gbé ìró wá. Ó fúnra rẹ̀ fi òwú náà lélẹ̀, ó bò ó, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo mọ ibi tó wà, nítorí mo rí i nígbà tó ń fi í síbẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gan-an.

Ó ní, "Mùínátù, ṣé mo ti dé ibẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ ti dé ibẹ̀, Mà."

Ó la ojú, ó ká ìró náà, ó ní kí n kó wọn lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà kan gba kílíníìkì náà, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ní àsìkò yẹn, gbogbo ẹni tó mọṣẹ́ ló ń lọ: nọ́ọ̀sì tí a jọ ń jẹun lọ sí Sáúdì, ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò eegun lọ sí Amẹ́ríkà. Bọ́kọ̀ òfúrufú bá gba orí ilé wa kọjá, mo máa ń bi ara mi pé ta ló tún kù.

Ó kan ilé mi náà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ onírin ní Òrégùn. Àwọn ọ̀gá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi nílé díẹ̀, inú ìsinmi náà ni wọ́n wà títí tí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ọkùnrin tó ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ látìgbà tó ti gbọ́njú, ó wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Dópẹ̀mú, ó ń wo àwọn tó ń kọjá. Ó gbọ́ pé iṣẹ́ wà ní Gàbọ́ọ̀nù. Òun àti àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi. Oníṣòwò kan bá wa mú ìròyìn wá pé wọ́n gúnlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Kò sí ohùn, kò sí ẹni tó rí i. A ò sì tíì bímọ.

Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ àdáwà títí ẹ ó fi máa tẹ ẹ̀bà ẹnì kan ṣoṣo. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Gaàrí tí mo bá bù, ti èèyàn méjì ni, èyí tó bá ṣẹ́ kù á gan mọ́ abọ́. Mo máa ń fọwọ́ kan èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́ níbi iṣẹ́, tí mo bá délé, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan èmi. Ó ń dùn mí. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ "Àgò o" lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sunday kan. Ìyá ọkọ mi ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti fẹsẹ̀ rìn láti gáréèjì Agége pẹ̀lú ẹrù lórí, nítorí kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní Èkó bá òun gbé e. Ó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. Kò ní kí n dìde.

Ó ní, "Níbo lo gbé ọmọ mi sí?"

Mo ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ wọlé."

"Mo ní níbo ni Làmídì wà? Ọkùnrin kì í fi ilé tó bá tù ú lára sílẹ̀ lọ sí ìlú òkun."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ: orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wú, èyí tọ̀tún ló burú jù. Kò lè dìde dúró. Ẹni tó wá bá mi jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fi í lé mi lọ́wọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo orúnkún náà bí ẹni wo ọmọ tó dójú tì í. Ó ní, "Gbọ́ o. Ọjọ́ tí mo bá ti lè gun ọkọ̀, ilé mi ni mò ń lọ. Mi ò ní kú sílé onílé."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó, Màmá. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Kí ìyàwó ọmọ mi máa ṣí ìró lára mi? Ó tì o! Èèwọ̀!"

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ó ń kírun lórí àga, nítorí kò lè forí kanlẹ̀, ó sì ń ráhùn. "Gbogbo ayé ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, èmi jókòó bí adájọ́." Mi ò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kan tó kírun tán, mo kúnlẹ̀ níwájú àga yẹn. Mo ní, "Màmá, ẹ má ṣí ìró. Orí ìró ni màá ti wá a." Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo di ojú. Mo fi ìka wá etí ọmọ orí orúnkún rẹ̀ lábẹ́ aṣọ òkè tó nípọn, mo wá ibi tí iṣan ti le, mo rí i. Mo gbàdúrà fún Màdáámù lọ́jọ́ yẹn, níbikíbi tó bá wà. Mo fọwọ́ síbẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, mo dúró títí ó fi rọ̀, mo wá ń ti ọmọ orí orúnkún náà sápá ọ̀tún sápá òsì, díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó délé, ìyá náà ti gbé àga síbi tí mo máa kúnlẹ̀ sí.

Ìdárayá wá di wàhálà. Mo ní kó jókòó, kó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kó dì í mú síbẹ̀, kó wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní eré ọmọdé ni, òun kì í ṣe ọmọ iléèwé. Mo dá ọgbọ́n kan. Mo fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Màmá, bí ẹ bá nà án lẹ́ẹ̀kan, ẹ fa ọmọ kan, ẹ dárúkọ Ọlọ́run. Tẹ́ ẹ bá dé ibi òwú funfun tí mo so sí i yìí, kí ẹ dúró." Ojú rẹ̀ yọ. Ó ní, "Ìyẹn yéni." Inú mi dùn, mo rò pé mo gbọ́n. Ìgbà tí mo tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kẹta, orúnkún ti tún wú gbọ̀ngbọ̀n. Mo ní, kí ló ṣẹlẹ̀? Ó ní òun ti yí tẹ̀sùbáà náà po láti ìdájí, òun kò mọ iye ìgbà tí òun yí i, nítorí ẹni tó bá ń dárúkọ Ọlọ́run, ibo ló ti ń dúró? Làádà lọ́dọ̀ Ọlọ́run kì í pọ̀jù.

Mo fọwọ́ lérí. "Màmá! Ti làádà kọ́ la ń sọ, orúnkún ni!"

Ó ní, "Ìwọ lo fi Ọlọ́run sí i."

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín pa mí. Òun náà kọ́kọ́ fajú ro, ó wá bú sẹ́rìn-ín, a rín in títí onílé fi kan ilẹ̀kùn láti bi wá bóyá Làmídì ti dé. Ìbéèrè yẹn pa ẹ̀rín náà. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà lọ, kò pè mí ní "ìwọ yìí" mọ́. "Ìyàwó" ló ń pè mí.

A tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lálaalẹ́ tí mo bá di orúnkún rẹ̀ mú, á máa sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀: bó ṣe ń jẹ iyọ̀ lásán nígbà kékeré, bó ṣe ń bẹ̀rù àgbọ̀nrín tí kò rí rí. Àwọn ohun tí ọkọ mi kò sọ fún mi rí ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ẹ̀bà tí mo ń tẹ̀ kò ṣẹ́ kù mọ́. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo máa ń rí iná fìtílà lójú fèrèsé wa láti ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi á yá sí i. Mo gbàgbé pé ohun tí mo ń ṣe lálaalẹ́ yẹn, mò ń múra ìrìnàjò fún un ni.

Ó wá dé ibi gígun ọkọ̀. Mo lọ sí gáréèjì, mo fi okùn wọn bí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ga tó nílẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ fún un ni?" Kápẹ́ńtà kan n'Ágége kan àpótí tó ga bẹ́ẹ̀ fún mi. Orí rẹ̀ ni ìyá náà ti ń kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Mo ní, "Ẹsẹ̀ tí kò dun yín ni kó kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń dun yín ni kó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀." Ó ń tún un sọ bí ọmọ kéú.

Ẹ gbọ́, èèyàn ni mí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gun àpótí náà láìdi ògiri mú, ọkàn mi là méjì. Ọ̀kan ní alihamudulilahi. Èkejì ní, Mùínátù, dẹ ọwọ́ rẹ díẹ̀. Ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ yìí. Ta ni yóò mọ̀? Á wà pẹ̀lú rẹ títí òjò á fi dá, á wà títí dọdún iléyá. Mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Màdáámù yé mi, pé ẹsẹ̀ tí mo dì mú kì í ṣe tèmi. Mo nu ojú mi, mo wọlé, mo ní, "Màmá, ẹ tún un gùn."

Kí n tó sọ bó ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù iṣẹ́ mi, nítorí tí mo bá sọ tirẹ̀ tán, mi ò ní fẹ́ sọ òmíràn. Mo ṣiṣẹ́ náà títí ó fi rẹ ọwọ́ mi. Àwọn ṣọ́jà lọ, àwọn alágbádá dé. Wọ́n kó ẹ̀rọ tuntun wá, èyí tó ń han píì-píì, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orúnkún. Ó dáa, mi ò bú u. Rọ́bà aláwọ̀ mèremère rọ́pò túúbù táyà. Àwọn ọmọ tó kàwé fisió ní yunifásítì dé, wọ́n mọ̀ jù mí lọ, mo sì kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń fi fóònù ran aláìsàn létí kó ṣe ìdárayá. Àwọn náà ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù bí àwọn ti ìjelòó. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n bá mi ya fọ́tò, wọ́n fún mi ní aago. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ yín á fi gbọ́n, ẹ wá síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí àwọn èèyàn á fi dúró tì yín, ẹ wá òmíràn.

Ìyá ọkọ mi lọ láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dójú títì. Mo gbé ẹrù rẹ̀, ó jẹ́ kí n gbé e. Ní gáréèjì, kọ̀ńdọ́kítọ̀ na ọwọ́ láti fà á sókè, mo ní, "Má fọwọ́ kàn wọ́n." Ó di irin mú. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, ó ń tún ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ọ sọ. Ẹsẹ̀ òsì gòkè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ó dúró lórí bọ́ọ̀sì náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú epo dúdú gáréèjì yẹn, mo ní, "Ó dàbọ̀, Màmá."

Ó ní, "Dìde, Ìyàwó." Ó yọ orí sí fèrèsé. Kò pariwo. Ó ní, "Làmídì kò ní padà wá. Ìyá ló ń mọ irú ẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó wá. Má jókòó dè é mọ́. Ọmọdé ṣì ni ẹ́. Wá ilé ọkọ mìíràn lọ. Èmi tí mo bí i ni mo tú ẹ sílẹ̀."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ní, "Màmá, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú o. Ẹsẹ̀ tó ń dun yín ni kó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Bọ́ọ̀sì náà lọ. Òmíràn wọlé sí ààyè rẹ̀, wọ́n ń pe Ìbàdàn, wọ́n ń pe Ọ̀yọ́. Mo ṣì dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gáréèjì yẹn wá bá mi, ó ní, "Ìyá, ààyè kan ló kù o, ṣé ẹ̀ ń lọ ni?"

Mo ní, "Rárá. Ìyá mi ni mo wá gbé wọkọ̀."